Ìka Tí Ayàwòrán Nà sí Káfíńtà

Obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ló fúnra rẹ̀ ní ká sọ ọ́. Ó ní ká má dárúkọ òun. Ó ní kí ẹni tó bá kà á pe òun ní ohunkóhun tó bá wù ú, kó ṣáà má pe òun ní Ojú Àwòdì.

Bẹ́ẹ̀ Ojú Àwòdì ni gbogbo àdúgbò ń pè é nígbà kan, orúkọ ọ̀hún sì máa ń dùn mọ́ ọn létí ju orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ayàwòrán ni. Ojú èèyàn ló mọ̀ ọ́n yà jù. Yàrá kan nísàlẹ̀ ilé alájà kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé Bàbá Tíṣà, arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń dá gbé lókè. Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá rẹ̀. Káfíńtà ló ń bá a kan férémù sí gbogbo àwòrán tó bá yà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìyàwó Káfíńtà ti ń dirun fáwọn obìnrin. Lẹ́yìn pátápátá ni àbúrò ayàwòrán wà, géńdé ọkùnrin tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Nígbà tí ìyá wọn ń kú lọ, ọwọ́ rẹ̀ ló fi í sí, ó ní, “Má jẹ́ kí ojú rẹ̀ pọ́n o.”

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n jí kẹ̀kẹ́ alágbàfọ̀ kan gbé. Ìgbà tí wọ́n máa rí i, ọkùnrin kan ti kùn ún ní ọ̀dà pupa, ó ń búra pé bàbá òun ló fi jogún fóun. Ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ara kẹ̀kẹ́ náà títí.

“Ọwọ́ òsì lẹni tó kun kẹ̀kẹ́ yìí fi kùn ún,” ó wí. “Ẹ wo ojú búrọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́ tó kùn ún, kì í sì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹ ju nǹkan sí i kó hán an.”

Wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sí ọkùnrin náà lójijì. Ọwọ́ òsì ló fi hán an. Ọ̀dà pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Ariwo ta! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ayàwòrán sọ sókè. Láti ọjọ́ náà, bí adìyẹ ẹnìkan bá sọ nù, yàrá ayàwòrán ló ń gbà lọ. Bí ọkọ ẹnìkan bá pẹ́ níta, wọ́n á ní kó wá wo ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀. Òun náà á ṣe bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí, àmọ́ á lọ.

Bàbá Tíṣà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ayàwòrán máa ń gòkè lọ yà á lórí àga rẹ̀ létí fèrèsé. Ó sọ fún un lọ́jọ́ kan pé:

“Ọmọ mi, o gbìyànjú lórí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ò lẹ́mìí. Bí o bá ṣi kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n á kàn dá a padà.”

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ má mi orí. Ẹ ń ba ìmú yín jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àbúrò rẹ̀ wọlé bá a lẹ́nu iṣẹ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, ẹ̀jẹ̀ ń ro. “Ẹ̀gbọ́n mi, gíláàsì tẹlifíṣọ̀n ló ya mí lọ́wọ́.” Ayàwòrán bu omi, ó fọ̀ ọ́, ó fi àkísà mímọ́ dì í. Ojú rẹ̀ wà lára àwòrán tó ń yà ní gbogbo àsìkò náà. Kò wo ojú egbò náà rárá.

Àkísà náà ò tíì gbẹ tí wọ́n fi gbọ́ igbe ìyàwó Káfíńtà lókè.

Bàbá Tíṣà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, orí rẹ̀ ti fọ́. Ó ti kú.

Àwọn ọlọ́pàá dé. Ọ̀gá wọn wo arúgbó náà, ó wo igun fèrèsé, ó ní, “Ẹsẹ̀ ni kò gbé e mọ́. Ó ṣubú ni. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.” Gbogbo ilé ń sunkún, wọ́n ń mi orí pé bó ṣe rí nìyẹn.

Ayàwòrán dúró láàárín yàrá. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ rọra yí, ó pa dé fúnra rẹ̀.

Ó yíjú wò ó. Láti ìgbà tó ti ń wá síbẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn kì í pa dé. Áyọ́ọ̀nù eléèédú àtijọ́ kan ni Bàbá fi ń dá a dúró, irin wíwúwo tí wọ́n rọ àkùkọ kékeré sí níwájú láti fi há ìdérí rẹ̀. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé àwòrán rẹ̀ wá.

“Ọ̀gá, ẹ wò ó. Ibi tí irin yìí máa ń wà rèé. Níbo ló wà báyìí?”

Ọ̀gá ọlọ́pàá wo àwòrán, ó wo ilẹ̀. Kò sí irin.

“Wọn ò ṣubú,” ayàwòrán wí. “Wọ́n pa wọ́n ni.”

Ẹ ò rí i bí gbogbo ojú ṣe yí sọ́dọ̀ rẹ̀! Ó sọ fún wa pé ẹ̀rù ba òun, inú òun bàjẹ́, síbẹ̀ nǹkan kan dùn sínú òun bíi ṣúgà.

Wọ́n tú ilé. Abẹ́ òkìtì ìyẹ̀ igi nínú ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà ni wọ́n ti rí áyọ́ọ̀nù náà. Wọ́n ti nù ún, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ṣì ṣẹ́kù sára rẹ̀.

Káfíńtà la ẹnu sílẹ̀. “Mi ò mọ bó ṣe débẹ̀. Mo jáde lọ gbé pákó wá, ìsìnyí ni mò ń dé.”

“Ta ló rí ẹ?” ọ̀gá ọlọ́pàá béèrè.

Ọ̀nà tó gbà lọ, kò pàdé ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá ọlọ́pàá yíjú sí ayàwòrán. “Màdáámù, ẹ̀yin lẹ lójú níbí. Kí lẹ rí?”

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin tí ẹ ń kà wá. Ká ní ó sọ pé, “Mi ò rí nǹkan kan mọ́,” òótọ́ ni ì bá sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń wò ó lẹ́nu. Ó rántí pé Bàbá àti Káfíńtà ti sọ̀rọ̀ síra wọn lọ́sẹ̀ náà lórí ariwo òòlù. Ó tẹjú mọ́ ibi tí wọ́n ti nu irin náà.

“Ẹ wo bí wọ́n ṣe nù ún,” ó wí. “Wọ́n fi àtàǹpàkò fà á lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Káfíńtà ṣe máa ń nu àtè kúrò lára igi nìyí. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀.” Ó sì na ìka sí i.

Bó ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni inú rẹ̀ ń sọ fún un pé kò sẹ́ni tí kò lè nu nǹkan báyẹn. Àmọ́ ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀.

“Àǹtí,” Káfíńtà wí, “èmi? Èmi tí mo kan àga tí Bàbá ń jókòó lé?”

Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́. Kò wo ọlọ́pàá, kò wo ìyàwó rẹ̀ tó ń ké. Ayàwòrán ló ń wò títí wọ́n fi tì í sínú ọkọ̀.

Òkìkí kàn. Oníwèé ìròyìn wá, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Lórí rédíò, wọ́n ní kó sọ bí ilẹ̀kùn ṣe bá a sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ńlá ńlá tí kì í wo ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń fẹ́ kó wá ya àwọn. Nígbà mìíràn tó bá kọjá ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà tí wọ́n tì pa, ọkàn rẹ̀ á gún un, á sì mú ẹsẹ̀ yá.

Àbúrò rẹ̀ ló ń rìn lọ rìn bọ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó Káfíńtà. “Ẹni tí ìyà ń jẹ ni, ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí. Ayàwòrán ń yìn ín. Ó ní ọmọ tí ìyá àwọn bí nìyẹn.

Ẹjọ́ ti wà ní kóòtù nígbà tí ayàwòrán ronú pé òun á ya gbogbo èèyàn inú ilé náà. Àbúrò rẹ̀ kọ̀, kò fẹ́ kí wọ́n ya òun. Ní ọ̀sán kan tí ooru mú, ó sùn lọ lórí àga ní yàrá ayàwòrán, ọwọ́ rẹ̀ kan là sílẹ̀ lórí itan. Ayàwòrán rẹ́rìn-ín. “Mo mú ẹ.” Ó mú pẹ́ńsù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọwọ́ náà.

Ó ya ìka. Ó ya àtẹ́lẹwọ́. Ó dé ibi àpá tó wà níbẹ̀, ó sì ń yà á lọ wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, kò rò ó, bí ẹni tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣóńṣó kan, ṣóńṣó kejì, ṣóńṣó kẹta. Ó tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ nísàlẹ̀.

Pẹ́ńsù dúró.

Ogbe àkùkọ ló yà. Àkùkọ orí áyọ́ọ̀nù Bàbá Tíṣà, èyí tó ti yà lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn Sátidé. Gíláàsì kì í ṣe orí àkùkọ séèyàn lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbá irin yẹn mú níwájú, tó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ là á mọ́ nǹkan, òun ni àkùkọ yẹn máa sọ lọ́wọ́.

Ìgbà tó gbé ojú sókè, àbúrò rẹ̀ ti jí. Ó ń wo ìwé orí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó ká ọwọ́ náà pọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí, “mi ò ní in lọ́kàn.”

“Kí ni Bàbá ṣe fún ẹ?”

“Wọ́n ká èmi àti ìyàwó Káfíńtà mọ́. Wọ́n ní àwọn á sọ fún ọkọ rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní rárá, ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ máa jókòó sínú irọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé nǹkan yẹn.”

“O ò ní ikú wọn lọ́kàn,” ayàwòrán wí. “Ó dáa. Irin tó o lọ bọ́ sábẹ́ ìyẹ̀ igi Káfíńtà ńkọ́? Ìyẹn náà, o ò ní in lọ́kàn?”

Àbúrò rẹ̀ kúrò lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

“Èmi nìkan lẹ ní. Bẹ́ ẹ bá sọ, wọ́n á yẹgi fún mi. Ẹ rántí ohun tí màmá sọ.”

Ayàwòrán jókòó bí igi. Ó ronú kan Káfíńtà. Ó ronú kan ìyá rẹ̀. Ó tún ronú nǹkan kan tí kò fẹ́ sọ fún wa tẹ́lẹ̀, kó tó ní ká kọ ọ́ síbẹ̀: ó ronú ohun tí oníwèé ìròyìn máa sọ. Ojú Àwòdì, apànìyàn ń sùn nílé rẹ̀, kò rí i.

Ó dìde, ó mú ìwé àwòrán náà lọ sídìí ààrò, ó sun ún.

Ọjọ́ tó jẹ́rìí ní kóòtù, lọ́yà Káfíńtà bi í pé, “Màdáámù, ṣé ojú yín kì í ṣe àṣìṣe ni?”

Káfíńtà wà níbẹ̀, ó ti rù. Ó ń wò ó bí ẹni tó ṣì ń retí nǹkan.

“Ojú mi kì í ṣe àṣìṣe,” ayàwòrán dáhùn.

Adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Káfíńtà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ayàwòrán jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó bá yàrá àbúrò rẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀. Àwọn rédíò ṣì wà lórí tábìlì, inú wọn ṣì wà ní títú. Àga ìdirun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò sí mọ́. Àwọn méjèèjì ti lọ. Àbúrò rẹ̀ ò kí i pé ó dàbọ̀. Títí dòní, kò mọ̀ bóyá obìnrin náà mọ irú ẹni tóun bá lọ.

Ó wá kù òun nìkan, àti àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn pé kó wá bá àwọn wá olè.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n wá bá a. “Káfíńtà ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ wá rí òun. Ó ní ẹ̀yin nìkan.”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ. Ó lọ. Yàrá ìbẹ̀wò náà kéré, ó ń run ọṣẹ àti òógùn, wáyà sì pín in sí méjì. Káfíńtà jókòó, ó wúkọ́ títí kó tó lè sọ̀rọ̀.

“Àǹtí, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Mi ò bínú sí yín o. Ohun tẹ́ ẹ rí lẹ sọ.” Ó sún mọ́ wáyà. “Àmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Ẹnì kan ló gbé irin yẹn wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti rò ó títí, orí mi ò gbé e. Kò sẹ́ni tó lójú bíi tiyín. Bí ẹ̀yin bá wá a, ẹ máa rí i. Àbúrò yín á ràn yín lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún mi bó ṣe ń tọ́jú ìyàwó mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ayàwòrán la ẹnu kó sọ pé òun ti gbọ́. Nǹkan mìíràn ló jáde.

“Òun ni.”

“Òun ni kí ni?”

“Òun ló pa Bàbá. Òun ló gbé irin sí ṣọ́ọ̀bù ẹ. Ó ti gbé ìyàwó ẹ lọ.” Ó ń sunkún, kò sì lè dákẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, àpá ọwọ́, iná ààrò, gbogbo rẹ̀.

Káfíńtà gbọ́ ọ títí. Ojú rẹ̀ ò yí padà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

“Ìgbà wo lẹ mọ̀?”

Ó lè purọ́. Wáyà wà láàárín àwọn méjèèjì, kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀.

“Kó o tó gba ìdájọ́,” ó wí.

Káfíńtà mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó wọn igi tó rí i pé ó kúrú. Ó dìde. “Wọ́dà,” ó wí, “mo ti ṣe tán.” Kò bojú wẹ̀yìn.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni ayàwòrán gbà lọ tààrà. Ọ̀gá ọlọ́pàá ti gba ìgbéga lórí ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà, yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀ sí i. Ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán.

“Níbo ni àwòrán ọwọ́ ọ̀hún wà?”

“Mo sun ún.”

“Ẹni tó ni ọwọ́ ńkọ́?”

“Mi ò mọ ibi tó wà.”

“Màdáámù, ẹ̀yin kan náà lẹ dúró ní kóòtù pé ojú yín kì í ṣe àṣìṣe. Èwo ni kí n gbà? Bí mo bá gba tòní, ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ tì mọ́lé.”

“Ẹ tì mí mọ́lé.”

Ó wò ó pẹ̀lú àánú, bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí orí rẹ̀ ti ń dàrú. “Ẹ lọ sinmi nílé, màdáámù.”

Kò sinmi. Ó lọ bá lọ́yà, ó lọ bá àwọn oníwèé ìròyìn. Àwọn tó sáré ya fọ́tò rẹ̀ níjọ́sí ní ọ̀rọ̀ náà ti tutù. Lọ́yà ló ràn án lọ́wọ́ tí wọ́n fi gbé ẹjọ́ náà padà sí kóòtù. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un. Ní gbogbo ọjọ́ ìbẹ̀wò, ayàwòrán ń lọ jókòó ní yàrá tó ń run ọṣẹ yẹn. Wọ́n á pe Káfíńtà. Wọ́dà á padà wá, á ní, “Ó ní òun ò wá.”

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òótọ́ ni. Àmọ́ wọn kì í sọ ohun tí òtítọ́ máa bá nílẹ̀ nígbà tó bá dé. Ohun tí obìnrin yìí fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání ni pé kí ẹni tí ayé ń yìn rọra na ìka, kí ẹni tó bá sì mọ òótọ́ sọ ọ́ nígbà tó ṣì gbóná. Òun sọ tiẹ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ jù.

Ikọ́ yẹn ló pa Káfíńtà kí wọ́n tó tún pe ẹjọ́ náà.

Ìyàwó rẹ̀ ò sí, àwọn òbí rẹ̀ ti kú tipẹ́. Nígbà tí ayàwòrán gbọ́, ó wọ aṣọ dúdú, ó lọ sí ẹnubodè ọgbà ẹ̀wọ̀n pé òun wá gbé òkú rẹ̀ lọ sin. Èèyàn ti tò síbẹ̀, ó tò sẹ́yìn wọn títí ó fi kàn án.

Wọ́dà tó jókòó síbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́, kò mọ̀ ọ́n rí.

“Kí lẹ jẹ́ sí i, màmá?”

Ayàwòrán wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

“Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yín? Àbí ìyá rẹ̀? Ẹbí nìkan la lè gbé e fún.”

“Èmi ni mo sọ pé òun ló ṣe é,” ó wí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò yé e.

“Ìyẹn kì í ṣe ẹbí, màmá,” ó wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹni tó kàn lè wọlé.”